Àmì Kẹta Lẹ́yìn Òkè

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rín in kó sì tán, torí àwọn ará àdúgbò wa ní Bódìjà ti rín in títí ó fi sú wọn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pè é ní orogún òun. Bí àlejò bá béèrè mi, á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré," á sì nawọ́ sí yàrá tí àwọn ọmọ wa ń sùn kí wọ́n tó kọjá sókè òkun. N kì í bínú. Ẹni tó ń fi gbogbo òwúrọ̀ Sátidé lẹ ìwé mọ́ pákó kò lẹ́nu tí yóò fi jà.

Olùkọ́ ni mí. Yíya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ ni mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbójú lé ara mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan tó ń kó lọ sí Kánádà ló fún mi ní ọkọ̀ àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì kan pẹ̀lú kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju ṣíbí ìjẹun lọ. Mo kan tábìlì ńlá sí yàrá náà, mo to irin sí i, mo sì kọ́ ibùdókọ̀ kékeré kan tó jọ ti Dùgbẹ̀, tòun ti òrùlé páànù rẹ̀ àti pèpéle tí èrò ń dúró sí. Ó wù mí títí. Àmọ́ ọkọ̀ náà kàn ń yí po ni, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Bàbá mi ló sọ ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún tí ìyá mi kú ni wọ́n ti Baṣọ̀run kó wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ sígínà ní rélùwéè. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó sínú ilé gíga ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tí wọ́n ń fa àwọn irin gbọọrọ tó ń darí ọkọ̀ sí ojú irin tó yẹ kó gbà, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí dírẹ́bà mọ̀ bóyá ọ̀nà mọ́ tàbí kò mọ́. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n wo ọkọ̀ mi tó yí po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Níbo lèyí ti ń bọ̀?"

"Kò ti ibì kankan bọ̀, Dádì. Ó kàn ń yí po ni."

"Ọkọ̀ tí kò ti ibì kankan bọ̀, ta ló máa dúró dè é?"

Wọ́n bá tiwọn lọ. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì, torí òótọ́ ni.

Mo wá wo fídíò lórí fóònù títí mo fi rí ohun tí àwọn tó gbówọ́ nínú eré yìí máa ń ṣe. Wọ́n máa ń tọ́jú ojú irin mélòó kan pamọ́ sẹ́yìn ògiri tàbí sábẹ́ òkè, níbi tí ojú òǹwòran kò dé. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí kò tíì kàn ti ń dúró. Bí ọkọ̀ kan bá wọ ihò lọ́wọ́ òsì, ó ti lọ Èkó nìyẹn. Tó bá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ mìíràn á yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti Ọ̀ṣogbo dé. Ẹni tó ń wò kò ní rí i pé ẹ̀yìn òkè kan náà ni ọ̀kan wọ̀ tí ìkejì ti jáde.

Mo fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì àti góòmù ṣe òkè náà, mo kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀, mo sì to ojú irin mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí ọwọ́ lè wọ ibẹ̀, torí pé ibi tí ojú kò bá tó, ọwọ́ gbọ́dọ̀ tó o. Ìyẹn ni mo ṣe dáadáa.

Nígbà tí mo fi han bàbá mi, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó síwájú tábìlì níbi tí àwọn súwíìsì wà, ojú wọn sì yí padà sí ojú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n béèrè pé, "Níbi tí mo jókòó sí yìí, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣófo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Mo ní màá ra kámẹ́rà kékeré kan.

"Tí iná bá lọ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó ń gbé Bódìjà tó lè bá wọn jiyàn ìyẹn. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé láyé iṣẹ́ àwọn, níbi tó bá jẹ́ ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ibùdókọ̀ méjì, dírẹ́bà kò gbọdọ̀ gbéra láìjẹ́ pé àmì ojú ọ̀nà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ni àmì ọ̀hún, ẹni méjì kò lè dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọkọ̀ méjì kò lè pàdé. Wọ́n gba ọmọrí ìgò míníráà mẹ́rin lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n fi òòlù tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, wọ́n dá wọn lu, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin sí wọn lára. Wọ́n kan ìṣó mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà, lápá òsì ara wọn. Bí ọkọ̀ bá wà ní ojú irin kẹta, àmì kẹta gbọ́dọ̀ wà lórí ìṣó rẹ̀. Bí kò bá sí, ìṣó á wà lófìfo.

"Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ni yóò fi àmì kọ́," wọ́n wí fún mi. "Kì í ṣe tó bá jẹun tán o. Lójú ẹsẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹnu mi ló gbọ́ ọ. Nínú ọkàn mi, mo ní èmi tí mo ya àwòrán gbogbo nǹkan yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n fẹ́ fi ọmọrí ìgò kọ́ ní iṣẹ́.

Síbẹ̀, a gbádùn ara wa. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni bàbá mi fi ń wọ yàrá yẹn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí wọ́n á de bọ́tìnnì títí dé ọrùn, tí wọ́n á dé fìlà. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀ láti Ìbàdàn lọ sókè: Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Ọ̀ṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀ffà, títí dé Ìlọrin. Mo rò pé eré ni, àfi ọjọ́ tí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ ara rẹ̀ kó tó kú. Nígbà kan ó jáde nílé ní Agbówó, àdúgbò Ṣàngó ni àwọn aláàánú ti rí i, kò sì lè sọ ilé tó ti ń bọ̀. "Ikú ò bà mí lẹ́rù," bàbá mi wí. "Kí n máa wo ojú ẹ kí n má mọ̀ ẹ́, ìyẹn ni mi ò fẹ́." Wọ́n ń fi kíkà orúkọ yẹn dán orí ara wọn wò lójoojúmọ́ ni. Mo mọ èyí. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àtijọ́ ló ní àwọn fẹ́ wá wo ọkọ̀ náà. Ọ̀kan jẹ́ Alhájì, ọmọ bíbí Ìbàdàn, tó wa ọkọ̀ ojú irin títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìkejì ń gbé Olúyọ̀lé, gáàdì ni, ẹni tó máa ń wà nínú kọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn tí yóò máa ju àsíá. Sátidé ni wọ́n dá, ní aago mẹ́wàá. Bàbá mi ti fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ́ńjìnnì tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún mi lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì fẹ́ kí àwọn àlejò rí i. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, iná dé. Mo gbé ọkọ̀ tó wà ní ojú irin kẹta kúrò, mo já àmì rẹ̀, mo fi í sápò ẹ̀wù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ́ńjìnnì tuntun náà lọ wà á bọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyàwó mi pè mí pé kí n lọ gba àga wá nílé kejì. Mo ti ẹ́ńjìnnì náà àti àwọn kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wọ ojú irin kẹta, mo jáde. Mo rántí àmì náà dáadáa. Ó wà lápò mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kan kọ́kọ́rọ́ mi bí mo ṣe ń rìn. Mo ní tí mo bá dé, màá fi kọ́. Nígbà tí mo dé, àwọn àlejò ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi jókòó sí àyè wọn. Wọ́n rán ọkọ̀ kìíní lọ Èkó. Wọ́n fa ìkejì wá láti Ọ̀ṣogbo, ó rọra dúró ní Dùgbẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Sígínà," Alhájì pè wọ́n, torí orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbi iṣẹ́ nìyẹn, "iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Báwo ló ṣe máa bọ́?" bàbá mi dá wọn lóhùn. N kò tíì rí wọn kí wọ́n tújú ká báyẹn láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ó wá kan kí wọ́n tọ́jú èyí tó dúró ní Dùgbẹ̀ pamọ́. Wọ́n yíjú sí àwọn ìṣó. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe yíjú. Ìṣó kẹta wà lófìfo, wọ́n sì tẹ súwíìsì ojú irin kẹta. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ọkọ̀ náà á dúró fúnra rẹ̀ kó tó débẹ̀, tàbí n kò rò ó rárá. Ọkọ̀ wọ ihò, a sì gbọ́ gbàù lẹ́yìn òkè. Ariwo náà kò ju ti àwo tó já bọ́ nílé ìdáná lọ, ṣùgbọ́n ní etí àwọn mẹ́ta tó ti lo ayé wọn nídìí ọkọ̀ ojú irin, ariwo kékeré kọ́ ni.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọjú wo inú ihò. Mo gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá bí ẹni tó fẹ́ lọ yọ ọkọ̀. Ìgbà tí mo dé iwájú àwọn ìṣó, ẹ̀yìn mi bo ibẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ àmì kẹta, mo sì fi í kọ́. Ó wù mí kí n sọ pé ọwọ́ mi ló ṣe é kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rọra fi í kọ́ kó má baà dún.

Bàbá mi nàró. Wọ́n wo àwọn ìṣó. Àmì kẹta wà lórí ìṣó rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n na ìka kan, wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Dádì. Ẹ ò wò ó dáadáa ni."

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ló ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, irú èyí tí a fi ń tu ọmọ tó tọ̀ sára nínú. Gáàdì ní ojú ni, kì í ṣe orí, gíláàsì tiwọn náà ti tó pààrọ̀. Bàbá mi ní, "Ojú mi ríran." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sórí itan. Alhájì sọ pé oòrùn ti ń mú, kí àwọn máa lọ. Míníráà tí ìyàwó mi gbé fún wọn kò tíì dé ìdajì.

Mo ti wádìí ara mi títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ohun ńlá kan nídìí rẹ̀. Mo tijú kí àwọn àgbà méjì má gbọ́ pé òfin kan ṣoṣo tí bàbá mi fún mi, èmi olùkọ́, mo rú u. Bí mo bá ti sọ pé, "Ẹ má bínú, èmi ni," wọn ì bá fi mí ṣẹ̀rín, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán kí wọ́n tó mu míníráà wọn tán. Ìtìjú kékeré yẹn ni n kò lè gbé mì.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá lù, wọn kò wọlé. Mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn sí mi. Wọ́n ní ẹni tó rán ọkọ̀ lọ bá ọkọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wa mọ́tò lójú ọ̀nà Challenge mọ́. Ẹ wo bí mo ṣe rí: mo gbà á. Mo ní, "Bó bá ṣe wù yín, Dádì." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí fíkà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa ka Bíbélì nílé ìsìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé pélébé bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára fíríìjì: *Mo ti lo oògùn àárọ̀. Mo ti jẹun ọ̀sán.* Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má ṣì í kà.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Dádì wọn, kí ló ń ṣe Bàbá?"

Mo ní ọjọ́ orí ni.

Òun ló ní ká gbé wọn lọ rí dókítà. Dókítà ọ̀hún, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó níwà, bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí a wà àti oṣù tí a wà, ó sì ní kí wọ́n máa yọ méje méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n yọ ọ́ kíá ju bí èmi ì bá ṣe yọ ọ́ lọ. Ó ní orí wọn pé, ó pé ju ti àwọn kan tí kò tíì dàgbà tó wọn lọ. Ayọ̀ kún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé dókítà ti bá mi sọ ọ́. Nínú mọ́tò, bàbá mi ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní.

Mọ́tò tiwọn ni mo ń wà. Èmi àtàwọn nìkan la wà níbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì mú wa mọ́lẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, n kò lè rí àyè tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ fa bẹ́líìtì yín mọ́ra dáadáa."

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn fún oṣù méje. Irọ́ tí ènìyàn kò bá kó kúrò lójú ẹsẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń wúwo sí i, èmi tí mo sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni n kò lè gbé e. Ní tòótọ́, bàbá mi ti wá ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ báyìí. Wọ́n lè fi gíláàsì sójú kí wọ́n máa wá a. Mo ń bi ara mi bóyá ọjọ́ orí ni, tàbí ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé orí rẹ̀ ti ń lọ ni kì í gbé e ró mọ́. N kò ní mọ̀ ọ́n láé. Èmi ni mo ba ìdánwò náà jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, wọ́n mú bírò àti páálí kékeré kan tí wọ́n gé lára àpótí oògùn wá bá mi nídìí tábìlì ìjẹun.

"Bá mi kọ nọ́ńbà fóònù ẹ síbí. Àpò ẹ̀wù ni mo fẹ́ máa fi sí."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Dádì?"

"Kí ẹni tó bá rí mi lè rí ẹ pè."

Mo rí àdúgbò Ṣàngó lọ́kàn mi. Mo rí ẹ̀gbọ́n wọn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Mo kúrò lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tuntun, àga ilé kejì, àmì tó wà lápò mi, bí mo ṣe fi ẹ̀yìn bo ìṣó. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ orí mi.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ìbéèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ sígínà: "Aago mélòó lo gbé ọkọ̀ náà síbẹ̀?" Mo ní ó ku díẹ̀ kó lu mẹ́wàá. Mo dìde, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí yàrá náà, mo já àmì kẹta, mo fi í sápò, mo sì ṣe é lójú wọn bí mo ṣe ṣe é gan-an. Wọ́n ń mi orí. Mo rò pé ó ti yé wọn.

Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ìyàwó ẹ ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, àbí?"

"Rárá, Dádì. Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé kò rọ̀ yín lọ́rùn kí n máa rò ó ṣáá. O ṣeun, ọmọ mi. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè gba ẹ̀bi bàbá ẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n mo fi ojú ara mi rí àmì yẹn lórí ìṣó, mo tiẹ̀ fọwọ́ kàn án." Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Bó o ṣe bò mí láṣìírí yìí, àwọn ọmọ tìẹ náà á bò ẹ́ láṣìírí."

Àdúrà ni, láti ẹnu bàbá ẹni. Mo ní àmín.

A padà sí ìdí tábìlì ìjẹun. Wọ́n ti páálí náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n fún mi ní bírò. Mo kọ nọ́ńbà mi sí i. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì dá a padà fún mi, wọ́n ní kí n tún un kọ gàdàgbà, kí ojú ẹni tó bá rí àwọn lè tètè kà á.